Bàálù Ìkọ́ṣẹ́ àti Bàálù Ìjà Ilẹ̀ Jámánì nínú Ìtàn Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà

Ìfáàrà

Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán ní Èjìgbò, apá kan ìlú a máa fi àtòrì bá apá kejì jà. Àtòrì kì í ṣe idà, kì í sì í ṣe ọfà. Ìjà náà jẹ́ ti òrìṣà, ó sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé Ògìyán jẹ́ òrìṣà jagunjagun, àti pé ọwọ́ tí ó ń ju àtòrì ni ọwọ́ tí ó lè di idà mú ní ọjọ́ tí ogun bá dé. Ohun tí a fi ń kọ́ ìjà àti ohun tí a fi ń jà kò jìnnà sí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó jọ èyí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfurufú ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní 1963 ni ìjọba Nàìjíríà àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn ará Jámánì wá kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ogun òfurufú. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó jẹ yọ láti inú àdéhùn náà: kí ni Jámánì fún Nàìjíríà, kí ni kò fún un, kí sì ni ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ó lọ?

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé asán ni ìrànlọ́wọ́ náà já sí, nítorí pé nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, Nàìjíríà kò ní bàálù ìjà kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn gbà pé ará Jámánì ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí ìpìlẹ̀ náà sì lágbára tó láti gbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lé e. Iṣẹ́ yìí yóò fi hàn pé apá kan òtítọ́ ni ó wà nínú èrò kọ̀ọ̀kan. Ààlà tí ó wà láàrin bàálù ìkọ́ṣẹ́ àti bàálù ìjà kì í ṣe ti irin nìkan. Ẹni tí ó ni bàálù ni ó máa ń pa ààlà náà, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti rò pé ó ṣàǹfààní fún òun. Jámánì mọ èyí nínú ìtàn tirẹ̀ kí ó tó wá sí Kàdúná. Nàìjíríà kọ́ ọ nínú ogun.

Jámánì láàrin 1915 àti 1945

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ amí ni bàálù ń ṣe jù lọ. Fokker Eindecker ni ó yí èyí padà ní 1915. Wọ́n so ìbọn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́nà tí ọta fi lè gba àárín abẹ̀bẹ̀ kọjá láìba abẹ̀bẹ̀ náà jẹ́. Awakọ̀ kàn ní láti kọ orí bàálù sí ọ̀tá, kí ó sì yìn. Albatros àti Fokker Dr.I tẹ̀lé e, Fokker D.VII sì dé ní 1918. Òkìkí èyí tí ó kẹ́yìn yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àdéhùn tí ó dá ìjà dúró ní oṣù kọkànlá 1918 fi dárúkọ rẹ̀ ní pàtó mọ́ ohun ìjà tí Jámánì gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́.

Àdéhùn Versailles ti 1919 ka bàálù ogun léèwọ̀ fún Jámánì. Èèwọ̀ náà kò mú fífò kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù aláìlẹ́ńjìnnì fò láti orí òkè, àwọn ẹgbẹ́ afòfurufú sì ń pọ̀ sí i. Láti àárín àwọn ọdún 1920 títí di 1933, ilé-ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ kan wà ní Lipetsk ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ti ń kọ́ ohun tí a kò gbà wọ́n láàyè láti kọ́ nílé. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, awakọ̀ ti wà nílẹ̀. Bàálù ni ó kù.

Bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni ó ṣí ọ̀nà fún ìyókù. Focke-Wulf Fw 44 Stieglitz, Bücker Bü 131 Jungmann, àti Arado Ar 96 tí ó tẹ̀lé wọn, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi kọ́ iṣẹ́. Ní 1935 ni ìjọba kéde fún gbogbo ayé pé òun ti ní ẹgbẹ́ ogun òfurufú, èyí tí wọ́n ń pè ní Luftwaffe. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni Messerschmitt Bf 109 kọ́kọ́ fò. Bf 109 tí wọ́n kàn kí ogun tó parí lé ní 33,000. Focke-Wulf Fw 190, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1939, sì tó nǹkan bí 20,000. Ní oṣù keje 1942, Me 262 fi ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì nìkan gbéra nílẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà fi sọ́kàn. Ní 1944 ni Jámánì kan bàálù ìjà jù lọ. Ní àkókò kan náà ni epo ń gbẹ, tí wọ́n sì ń gé wákàtí ìkọ́ṣẹ́ àwọn awakọ̀ tuntun kù. Ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ bàálù dáadáa ni wọ́n ń rán lọ pàdé awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà tí ó ti kọ́ṣẹ́ pẹ́. Ohun tí ó wọ́n wọn ní ìgbẹ̀yìn ni awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ àti epo tí yóò fi fò.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan wà ní ìhà kejì ogun náà. Akin Shenbanjo wà nínú Ẹgbẹ́ 76 ti ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá bàálù ajubọ́ǹbù Halifax lọ sórí ilẹ̀ ọ̀tá gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ rédíò àti ayìnbọn. Peter Adeniyi Thomas láti Èkó ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Nítorí náà, kí ará Jámánì tó wá kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní fífò, ọmọ Nàìjíríà ti bá wọn pàdé lójú ọ̀run gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá.

Jámánì di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì

Lẹ́yìn 1945, wọ́n tún ka kíkan bàálù léèwọ̀ fún Jámánì títí di 1955. Ilé-iṣẹ́ Dornier kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Sípéènì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó bí Do 27, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1955. Do 27 ni bàálù àkọ́kọ́ tí Jámánì kàn lọ́pọ̀ lẹ́yìn ogun. Èyí tí wọ́n kàn lé ní 600. Bàálù kékeré ni, apá rẹ̀ wà lókè, ó sì lè gbéra láti orí pápá kúkúrú tí a kò da ọ̀dà sí.

Ní 1956 ni Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì tún dá Luftwaffe sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti ń gba ohun èlò. Piaggio P.149D tí wọ́n fi ń kọ́ni jẹ́ ti Ítálì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ Focke-Wulf ní Bremen tó gba àṣẹ láti máa kan án. Noratlas tí ó ń kẹ́rù jẹ́ ti Faransé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bàálù ìjà wọn ti ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà wá, èyí tí ó sì lókìkí jù nínú wọn ni F-104G Starfighter. Jámánì gba 916 nínú rẹ̀. 292 já bọ́, awakọ̀ tí ó kú sì lé ní 110. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé bàálù tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ lè pa ẹni tí ó ni ín ju ọ̀tá lọ. Lára ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tí ó fẹ́ gùn ún, àti àwọn tí ó ń tún un ṣe, kò tíì ní ìrírí tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń béèrè.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí nígbà tí wọ́n ń múra láti wá sí Nàìjíríà. Olùkọ́ tí ó ń bọ̀ wá sí Kàdúná jẹ́ ẹni tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́.

Kàdúná, 1963 sí 1967

Ìdí tí Nàìjíríà fi yan Jámánì kò ṣòro láti rí. Ní 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ṣe ìwọ́de lòdì sí àdéhùn ààbò tí ìjọba bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, nítorí wọ́n rí i gẹ́gẹ́ bí okùn tí amúnisìn fi so òmìnira mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé e. Lẹ́yìn èyí, kò rọrùn fún ìjọba Balewa láti tún fi ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ogun òfurufú lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ́wọ́. Jámánì ní tirẹ̀ ń wá ọ̀rẹ́ ní Áfíríkà, kí àwọn orílẹ̀-èdè tuntun má baà ka Ìlà-Oòrùn Jámánì sí ìjọba tí ó dá dúró. Àǹfààní olúkúlùkù ni ó mú àwọn méjèèjì pàdé.

Jámánì nìkan kọ́ ni olùkọ́. Ní oṣù keje 1962, akẹ́kọ̀ọ́ ológun mẹ́wàá ti lọ sí Etiópíà. Ní oṣù kejì 1963, mẹ́rìndínlógún lọ sí Kánádà. Mẹ́fà sì lọ sí Íńdíà. Ṣùgbọ́n Jámánì ni ó gbà láti wá kọ́ni nílé, ní Kàdúná. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz ni ó ṣáájú ẹgbẹ́ aṣèrànlọ́wọ́ náà, òun sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà, èyí tí òfin Ilé Aṣòfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1964. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Wolfgang Thimmig gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1966 ni George Kurubo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí ẹgbẹ́ náà.

Bàálù tí wọ́n kó wá fi èrò wọn hàn gbangba. Piaggio P.149D ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Do 27 àti Do 28 wà fún ìkọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ àti ẹrù díẹ̀. Noratlas wà fún ẹrù àti ọmọ ogun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ bàálù ìjà, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ jẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè tí ayé ṣì ń wò pẹ̀lú ìfura nítorí ogun Hitler kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ń kó ohun ìjà lọ sí Áfíríkà. Kíkọ́ni kò ní ẹ̀gàn nínú. Ní ọ̀nà yìí, Jámánì pa ààlà láàrin ìkọ́ṣẹ́ àti ogun, Nàìjíríà sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní 1963 kò sí ẹni tí ó rí ogun lọ́ọ̀ọ́kán.

Láàrin ọdún mẹ́ta péré, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó lè fò, tí ó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà, tí ó lè fi rédíò darí bàálù láti ilẹ̀, ti wà ní Kàdúná. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ ogun Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Èyí ni ẹ̀rí tí àwọn tí ó ń yin Jámánì máa ń tọ́ka sí, ẹ̀rí náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 1967 ni Ojúkwu kéde Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje. Àwọn olùkọ́ láti Jámánì kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ. Biafra ti rí bàálù B-26 àtijọ́ tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù, Nàìjíríà kò sì ní ohun tí ó lè fi lépa rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kọ̀ láti ta bàálù ìjà fún un. Àwọn baba wa sọ pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Nàìjíríà ti wọ ṣòkòtò tí Jámánì rán fún un lọ́jọ́ àlàáfíà. Ọjọ́ ogun ni ó tó mọ bí ó ti kúrú tó.

Sófíẹ̀tì ni ó dá a lóhùn. Ní oṣù kẹjọ 1967, MiG-17 dé, bẹ́ẹ̀ náà ni L-29 Delfin láti Czechoslovakia. Níhìn-ín ni àìpé ìkọ́ṣẹ́ Jámánì ti fara hàn jù. Ẹni tí ó ti gun Piaggio ti mọ òfurufú, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lọ láti orí Piaggio sí orí MiG kò sí nínú ohun tí Kàdúná fi kọ́ni. Nítorí náà, awakọ̀ láti Íjíbítì àti àwọn ajagun-gbowó láti òkè òkun ni ó kọ́kọ́ wa ọ̀pọ̀ nínú àwọn MiG náà. Àwọn tí ó ń bẹnu àtẹ́ lu Jámánì rí ẹ̀rí tiwọn gbà níbí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò pé tí ẹnì kan bá dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ ogun òfurufú ju iná ìbọn lọ. Ohun ìjà àti oúnjẹ ní láti dé ojú ogun, ẹni tí ó gbọgbẹ́ ní láti kúrò níbẹ̀. Bàálù akẹ́rù àti bàálù kékeré tí Jámánì fi sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ ṣáájú ogun ni ó sì darí ẹgbẹ́ náà la ogun já.

Ogun náà tún fi hàn pé bàálù ìkọ́ṣẹ́ lè yí padà. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden, kó MFI-9B márùn-ún lọ kọlu pápá ọkọ̀ òfurufú Port Harcourt fún Biafra. Bàálù wọ̀nyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò pé eré ìdárayá ni wọ́n wà fún. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá wọn, ìkọ́ṣẹ́ sì parí níbẹ̀. Ní ìhà ìjọba àpapọ̀, L-29, tí wọ́n kàn láti fi kọ́ni, ń ju bọ́ǹbù. Nínú L-29 ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, ọ̀gá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú láti 1967, kú sí nígbà tí ó já lulẹ̀ ní Uzebba ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1969. Ààlà tí Jámánì pa ní 1963 ti wó láti ìhà méjèèjì.

Alpha Jet

Lẹ́yìn ogun, Nàìjíríà pinnu pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kọ́ ni òun yóò ti máa ra bàálù mọ́. Ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ ẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. MiG-21 ti Sófíẹ̀tì dé ní 1975. Bulldog ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di bàálù ìkọ́ṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Jaguar méjìdínlógún dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àárín àwọn ọdún 1980. MB-339 méjìlá ti Ítálì wá. L-39 mẹ́rìnlélógún ti Czechoslovakia tẹ̀lé e. Láàrin àwọn wọ̀nyí ni Jámánì tún padà wọlé pẹ̀lú Alpha Jet.

Faransé àti Jámánì ni ó jọ ṣe Alpha Jet. Dassault àti Dornier ni ó kàn án. Ó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1973. Ènìyàn méjì ni ó ń gbé, ẹ́ńjìnnì méjì ni ó ní. Faransé fi í kọ́ awakọ̀. Jámánì, tí ó ń rán àwọn awakọ̀ tirẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ra 175, ó gbé ìbọn ńlá kọ́ wọn lábẹ́, ó sì yàn wọ́n fún kíkọlu ọ̀tá lórí ilẹ̀. Bàálù kan náà jẹ́ tíṣà ní Paris, ó jẹ́ ọmọ ogun ní Bonn. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó fi hàn ju èyí lọ pé èrò onílé ni ó ń sọ orúkọ bàálù.

Nàìjíríà ra mẹ́rìnlélógún, méjìlá lẹ́ẹ̀kan, méjìlá lẹ́ẹ̀kejì, láàrin àwọn ọdún 1980, ó sì fi Káínjì ṣe ibùdó wọn. Nàìjíríà ní tirẹ̀ kò pa ààlà kankan: ó fi Alpha Jet kọ́ni, ó sì fi í jà. Nígbà tí ECOMOG wọ Lìbéríà ní 1990, àwọn Alpha Jet ni ó kọlu àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, pàápàá nígbà tí wọ́n gbógun ti Monrovia ní oṣù kẹwàá 1992. Wọ́n tún jà ní Sierra Leone ní ìparí ẹ̀wádún náà. Ní àkókò yìí, Jaguar, tí ó jẹ́ bàálù ìjà gidi, ti dúró sórí ilẹ̀ ní Makurdi, nítorí owó ìtọ́jú àti ẹ̀yà tí ó ní láti ti òkè òkun wá. Bàálù tí wọ́n rà fún ìjà kò jà. Èyí tí wọ́n lè fi kọ́ni ni ó lọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé Alpha Jet kò ná ni lówó tó Jaguar láti tọ́jú, àti pé ẹni tí ó fi í kọ́ṣẹ́ kò nílò bàálù mìíràn kí ó tó lè fi í jà. Àtẹ̀gùn tí kò sí ní 1967 ti wà. Àjọṣe pẹ̀lú Dornier náà kò tán lórí Alpha Jet. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná tọ́jú àwọn bàálù Dornier mìíràn tí Nàìjíríà lò. Ní Kàdúná kan náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti ṣe Air Beetle, bàálù ìkọ́ṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé ka RV-6A ti Amẹ́ríkà, kí ó lè rọ́pò Bulldog.

Èjìgbò, Abidjan àti Alpha Jet

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Èjìgbò, ìlú tí kò ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èjìgbò, Masifa, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti àwọn ìlú agbègbè náà ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilé ní Èjìgbò, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Abidjan, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ Faransé. Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ gba Benin, Togo àti Ghana kọjá. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè ojú ọ̀nà yìí, Nàìjíríà, Togo àti Côte d'Ivoire ni ó ní Alpha Jet nínú àwọn ọdún 1980. Togo, tí Jámánì ti ṣàkóso rẹ̀ láti 1884 sí 1914, gba tirẹ̀ láti Faransé. Nàìjíríà, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, gba tirẹ̀ láti Jámánì.

Nígbà ogun Lìbéríà, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti bàálù nìkan. Láti ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni àwọn ọmọ ogun Taylor ti wọ Lìbéríà ní oṣù kejìlá 1989, ìjọba Houphouët-Boigny kò sì fojú kan náà wo ogun yìí pẹ̀lú ìjọba Nàìjíríà. Bí Alpha Jet Nàìjíríà ṣe ń kọlu Taylor, àwọn ará Èjìgbò ń tajà ní ìlú tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ ń ṣojúrere sí i. Orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n pín ayé wọn sí kò sí ní ìhà kan náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ wá dé ní 2002, àti nígbà rògbòdìyàn lẹ́yìn ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹrù padà wálé. Ìtàn bàálù ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lè jẹ́ ìtàn àwọn ọ̀gágun nìkan. Ìtàn àwọn oníṣòwò tí ó wà lábẹ́ ojú ọ̀run kan náà ni pẹ̀lú.

Ìparí

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé èrò méjèèjì tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tó. Asán kọ́ ni iṣẹ́ Jámánì ní Kàdúná, nítorí ènìyàn tí wọ́n kọ́ wà lẹ́yìn tí bàálù wọn ti gbó. Kò sì tó láti gbé ogun, nítorí Jámánì dá ẹ̀kọ́ náà dúró síbi tí ó wu Jámánì. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan. Ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ni ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ẹ̀bùn náà yóò gbé òun dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ wákàtí ewu ni 1967 jẹ́ fún ìjọba tí kò tíì béèrè.

Ìbéèrè náà kò tíì tán. Ní 2015, Nàìjíríà ra Alpha Jet díẹ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ti yọ ohun ìjà kúrò lára rẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun òfurufú sì tún gbé ohun ìjà kọ́ ọ fún ogun Boko Haram. Ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ni ó sọ bàálù ìkọ́ṣẹ́ di bàálù ìjà níbí. Ṣùgbọ́n bàálù náà ti darúgbó. Alpha Jet kan já ní Borno ní oṣù kẹta 2021. Àwọn ọ̀daràn ìlà-ìbọn yin òmíràn lulẹ̀ ní àríwá ní oṣù keje ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ yè é. Ní 2021 kan náà ni JF-17 dé láti Pakistan, tí Super Tucano sì dé láti Amẹ́ríkà. M-346 ti Ítálì, tí ó jẹ́ bàálù ìkọ́ṣẹ́ àti bàálù ìjà pọ̀, ni wọ́n ti yàn láti rọ́pò Alpha Jet.

Olùkọ́ ti yí padà, ẹni tí ó ń tajà ti yí padà. Ohun tí kò yí padà ni pé orílẹ̀-èdè tí kò bá fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà fún, ẹlòmíràn ni yóò bá a pinnu rẹ̀. Ẹni tí ó ju àtòrì ní Èjìgbò mọ ìdí tí ó fi jù ú, ó sì mọ ìgbà tí yóò sọ ọ́ sílẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ń wá lójú òfurufú láti 1963.